Àlùfáà John Wesley àti Ìwé Ìṣirò Owó Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ John Wesley láàárín àwọn Kristẹni, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oníwàásù tí ń gun ẹṣin láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń wàásù ní pápá àti ní ojú ọjà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí í ṣe ìyá Ìjọ Áńgílíkánì wa, ni ó jẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Èso iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kí Henry Townsend ti CMS tó dé ibẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìwàásù Wesley ni a fẹ́ rò nínú ìwé yìí. A fẹ́ sọ bí ó ti ṣe àkóso owó tí ó wọ ọwọ́ rẹ̀, láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó; nítorí ọ̀ràn owó ti mú ìtìjú wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn rere, ilé baba Wesley pàápàá kò sì yọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1703, gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà àtijọ́, ni a bí i ní Epworth, ìlú kékeré kan ní agbègbè Lincoln. Samuel Wesley, baba rẹ̀, ni àlùfáà ìjọ ibẹ̀. Susanna ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ 19 ni obìnrin yìí bí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Samuel kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì kọ ìwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ń wọlé fún un kì í tó èyí tí ń jáde. Ó yá owó nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú náà, ó sì tún yá òmíràn lé e, títí gbèsè fi di ẹrù tí kò ṣeé sọ̀. Ní ọdún 1705, nígbà tí John di ọmọ ọdún méjì, ọ̀kan nínú àwọn tí inú ń bí sí Samuel nítorí ọ̀ràn ìdìbò béèrè owó rẹ̀ lójijì. Gbèsè náà kò tó 30 pọ́ùn, ṣùgbọ́n kò rí i san. Wọ́n sì mú ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀ lọ sí ilé túbú ní Lincoln.

Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York, John Sharp, ràn wọ́n lọ́wọ́ ní àkókò náà. Nígbà tí ó bi Susanna léèrè bóyá oúnjẹ ti wọ́n wọn rí nínú ilé, ìyàwó àlùfáà dáhùn pé lóòótọ́ àwọn kò tíì ṣàìní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìyọnu tí àwọn ń rí kí àwọn tó rí i, àti ìyọnu tí àwọn ń rí láti san owó rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn bá jẹ ẹ́ tán, kì í jẹ́ kí ó dùn lẹ́nu àwọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ oúnjẹ àwìn rí yóò mọ ohun tí obìnrin yìí ń wí. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni John ti dàgbà: ilé àdúrà, ilé ìwé, ilé ìkóra-ẹni-níjàánu, tí ó sì tún jẹ́ ilé gbèsè.

Ní ọdún 1714 a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Charterhouse ní London. Ní ọdún 1720 ó wọ Christ Church ní Oxford. Ìwé yé e gidigidi, ṣùgbọ́n ní ti owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọ ipasẹ̀ baba rẹ̀. Ó jẹ gbèsè nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìwé tí ìyá rẹ̀ kọ sí i ní ọdún 1724 sì fi àníyàn obìnrin náà hàn nípa rẹ̀. Ní ọdún 1725 a fi í jẹ díákónì. Ní ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó ń fi wákàtí rẹ̀ ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì pẹ́ tí ó fi mọ̀ pé ẹni tí yóò jíhìn wákàtí rẹ̀ níláti jíhìn pẹ́nì rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1726, Lincoln College ní Oxford yàn án mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilé náà, owó kan sì ń ti ibẹ̀ wọlé fún un. Ó dá irun rẹ̀ sí kí ó gùn, nítorí ó ti ṣe ìṣirò pé owó tí òun ìbá máa san fún onígbàjámọ̀ lọ́dún yóò ṣe àwọn tálákà ní àǹfààní.

Síbẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Oxford tí Wesley kò gbàgbé títí ó fi di arúgbó. Ní ọjọ́ kan ní ìgbà òtútù, ọmọdébìnrin kan tọ̀ ọ́ wá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tálákà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tọ́jú ní ilé-ìwé. Ara ọmọ náà ń gbọ̀n, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Wesley béèrè bóyá kò ní aṣọ mìíràn, ọmọ náà jẹ́wọ́ pé èyí nìkan ni òun ní. Wesley ki ọwọ́ bọ àpò láti fún un ní owó aṣọ, ṣùgbọ́n owó tí ó bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Kò tíì pẹ́ tí ó san owó àwọn àwòrán tí ó fi ṣe ògiri yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọkàn rẹ̀ sì dá a lẹ́bi. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun ti fi owó tí ìbá bo ọmọ ẹlẹ́ran-ara wọ ògiri láṣọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àwòrán. Ohun tí ó dùn ún ni pé ó ti ná owó náà kí ó tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí owó náà wà fún.

Láti ìgbà náà wá ni a rí i tí ó ń fi ààlà sí ìnáwó ara rẹ̀. Nínú ìwàásù kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1787, ó sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oxford. Kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ìtàn ayé Wesley gbà pé òun tìkára rẹ̀ ni. Ní ọdún kìíní, 30 pọ́ùn ni ó wọlé fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó fi 28 gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ó sì fi 2 ta àwọn tálákà lọ́rẹ. Ní ọdún kejì, owó náà di 60 pọ́ùn; 28 kan náà ni ó ná sí ara rẹ̀, ó sì fi 32 tọrẹ. Ní ọdún kẹta, ó di 90. Ó fi 62 tọrẹ. Ní ọdún kẹrin, ó di 120. Ó tún fi 28 gbọ́ bùkátà bí ti àtẹ̀yìnwá, ó sì fi 92 tọrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ wo ìṣirò yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń wí pé ìgbà tí owó bá pọ̀ sí i ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò rẹ̀. Ìgbà tí owó Wesley kéré jù lọ ni ó ṣètò tirẹ̀. Ó wo ohun tí ara rẹ̀ nílò ní tòótọ́ ní oúnjẹ, ní aṣọ àti ní ibùgbé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rí i pé 28 pọ́ùn tó, ó sì fi iye náà ṣe odi. Nígbà tí owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ara rẹ̀ kò di ìlọ́po mẹ́rin, ikùn rẹ̀ kò sì di mẹ́rin. Àwọn àgbà wa wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wesley fi iye tí ó nílò díwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí iye tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ máa díwọ̀n rẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ olówó oṣù ń ṣe: bí wọ́n bá ti gbọ́ pé a ó fi owó kún owó wọn, wọn a ti gba aṣọ ní àwìn kí àfikún náà tó dé, nígbà tí ó bá sì dé, kò ní í ba nǹkan kan mọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1735, Samuel Wesley kú ní Epworth. John àti Charles àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí omijé tó gbẹ lójú ilé, gbèsè dé. Ní ọjọ́ náà gan-an tí wọ́n sin àlùfáà náà, obìnrin tí ó ni ilẹ̀ tí ó ń yá dá oko wá kó gbogbo ẹran ọ̀sìn tí opó náà ní, nítorí 15 pọ́ùn tí olóògbé jẹ ẹ́. Iye àwọn ẹran náà ju 40 pọ́ùn lọ. John ni ó fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san owó náà, kí wọ́n baà lè dá ohun ìní ìyá rẹ̀ padà fún un. Bí ó bá jẹ́ pé òun náà kò ní nǹkan ní ìpamọ́, tí orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó, ta ni ìbá gba ìwé ọwọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó bá ń kó ara rẹ̀ níjàánu lónìí kò mọ ẹni tí yóò fi í ṣe odi lọ́la.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó lọ sí Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì padà pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní London, ọkàn rẹ̀ rí ìdánilójú ìgbàlà. Láti ìgbà náà ni ó ti jáde lọ bá àwọn tálákà: àwọn awakùsà, àwọn ahunṣọ, àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ láàárín àwọn àti ebi. Wesley kò fi ọ̀rọ̀ lásán bọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ó ti kọ́ ní Oxford ni ó mú lọ bá wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1742, àwọn ará ní Bristol péjọ láti gbìmọ̀ bí wọn yóò ti san gbèsè tí ó wà lórí ilé ìpàdé wọn. Ọ̀kan nínú wọn dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ títí gbèsè náà yóò fi tán. Nígbà tí ẹlòmíràn wí pé àwọn kan kò lè rí i san, ẹni náà ní kí wọ́n ka 11 nínú àwọn tí ó tálákà jù lọ mọ́ òun. Òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí kò bá sì rí i san, òun yóò san án fún un. Inú ètò sísan gbèsè yìí ni kíláàsì ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ mọ̀ títí di òní. Ní ọdún 1743, nígbà tí Wesley kọ òfin fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi í sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá owó tí kò ní ìrètí láti san, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ọjà àwìn tí kò rí ọ̀nà owó rẹ̀. Ó kà á mọ́ àwọn ìwà tí ń ba ẹ̀rí onígbàgbọ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n kò kàn kọ òfin fún aláìní kí ó sì pa á tì. Ní ọdún 1746 ó dá àpò owó àyálò sílẹ̀ ní London, kí àwọn tálákà má baà máa bọ́ sí ọwọ́ ayánilówó tí ń gba èlé gọbọi. Owó tí ó rí gbà jọ jẹ́ 30 pọ́ùn àti 16 ṣílè. Kò ju 20 ṣílè lọ tí a ń yá ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa san án padà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Láàárín oṣù 18, owó kékeré yẹn ti ran ènìyàn 255 lọ́wọ́, nítorí bí ẹnì kan ti ń san án padà ni ẹlòmíràn ń gbà á. Nígbà tí ó ṣe, àpò náà pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó yá 5 pọ́ùn níbẹ̀ ni James Lackington, aránbàtà, ẹni tí ó di ọ̀kan nínú àwọn olùtàwé tí ó tóbi jù lọ ní London.

Ní ọdún 1760 ni Wesley tẹ ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó jáde. Ìlànà mẹ́ta ni ó fi lélẹ̀ nínú rẹ̀: kí ènìyàn ṣiṣẹ́ rí owó bí agbára rẹ̀ ti tó, láìpa ara rẹ̀ tàbí aládùúgbò rẹ̀ lára, kí ó fi pamọ́ bí agbára rẹ̀ ti tó, láìfi ṣòfò lórí afẹ́ àti ìgbéraga, kí ó sì fi tọrẹ bí agbára rẹ̀ ti tó. Ó tún to ọ̀nà ìnáwó náà ní ẹsẹẹsẹ. Kí ènìyàn kọ́kọ́ pèsè ohun tí ara rẹ̀ nílò; lẹ́yìn náà, ti aya, ti àwọn ọmọ, ti ìránṣẹ́ àti ti gbogbo agbo ilé rẹ̀; bí ó bá ṣẹ́kù, kí ó ṣe rere fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́; bí ó bá sì tún ṣẹ́kù, fún gbogbo ènìyàn.

Ẹlòmíràn lè wí pé kò ṣòro fún Wesley, nítorí kò bímọ. Ó gbé opó kan níyàwó ní ọdún 1751, ṣùgbọ́n kò gbà kí kọ́bọ̀ kan nínú owó obìnrin náà di tirẹ̀. Òtítọ́ ni èyí, ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́fà kò sì lè fi òṣùwọ̀n ẹni tí kò bímọ wọn ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye 28 náà ni òfin. Òfin náà ni pé kí olúkúlùkù mọ iye tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má sì ṣe kọjá rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ dẹ̀. Ìtọ́jú ilé wà nínú òfin náà. Kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìwé ìhágún Wesley, nígbà tí ó fi àwọn ìwé tí ó tẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọ, ó ti kọ́kọ́ yọ 85 pọ́ùn lọ́dún sọ́tọ̀ nínú èrè wọn fún opó àti àwọn ọmọ Charles àbúrò rẹ̀.

Láti inú ìwé náà ni ọrọ̀ ti bá a lójijì. Ó ń kọ ìwé kéékèèké fún àwọn tálákà, ó sì ń tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n wọ́n tà ju bí ó ti rò lọ, ó sì jẹ́wọ́ pé òun di ọlọ́rọ̀ láìmọ̀. Ìgbà yìí ni ìdánwò tòótọ́ dé, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó lè fi ara da òṣì, tí kò lè fi ara da ọrọ̀. Ní ọdún 1776, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó-orí lórí ohun èlò fàdákà kọ̀wé sí i. Wọn kò gbà pé irú ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní àwo fàdákà tí ó fi pamọ́. Ó fèsì pé ṣíbí fàdákà méjì ni òun ní ní London àti méjì ní Bristol, òun kì yóò sì ra òmíràn nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àyíká òun kò rí oúnjẹ jẹ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1785, nígbà tí ó di ẹni ọdún 81, ó rí i pé àwọn tálákà ìjọ ní London nílò aṣọ pẹ̀lú oúnjẹ. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọjọ́ márùn-ún ni arúgbó náà fi rìn kiri ìlú, tí ó ń tọrọ 200 pọ́ùn lọ́wọ́ àwọn tí ó ní; òjò dídì tí ń yọ́ mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nì ní Oxford kò tíì kúrò ní ọkàn rẹ̀.

Ìbànújẹ́ kan wà tí ó bá a dé ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti gba ìlànà kìíní àti ìkejì: wọ́n di aláápọn, wọ́n di ẹni tí kò fi owó ṣòfò, wọ́n sì di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó gba ìkẹta. Nínú ìwàásù tí ó kọ ní ọdún 1789, ó kédàárò pé ọrọ̀ tí ìwà rere wọn bí ti ń pa ìwà rere náà. Ó rí i pé ìṣirò owó lè sọ ènìyàn di ahun bí ó ti lè sọ ọ́ di ọlọ́rẹ. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sí i ni ibi tí èyí tí ó ṣẹ́kù ń lọ.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1790, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ó kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣe é dédé láti ọdún pípẹ́ wá, òun kì yóò sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́, nítorí ó dá òun lójú pé òun ń fi pamọ́ bí ó ti ṣeé ṣe, òun sì ń fi gbogbo ohun tí òun ní tọrẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1791, ó kú ní ilé rẹ̀ ní City Road ní London, ní ẹni ọdún 87. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ẹni 40 ọdún, ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí òun bá fi 10 pọ́ùn sílẹ̀ lẹ́yìn gbèsè òun, kí gbogbo ayé jẹ́rìí pé olè ni òun. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe fi ọkọ̀ òkú gbé òun. Kí tálákà mẹ́fà gbé òkú òun lọ sí ibojì, kí a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1 pọ́ùn.

Baba rẹ̀ lọ sí ibojì, ayánilówó sì wá sí ẹnu ọ̀nà. Òun lọ sí ibojì, kò sí ẹni tí ó wá béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kì í ṣe ọgbọ́n ìwé ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, nítorí ọ̀mọ̀wé ni baba. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àdúrà, nítorí àwọn méjèèjì ń gbàdúrà. Ìwé pélébé kan ni, tí ọmọ ń kọ iye owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí, àti ààlà kan tí kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò níláti dúró de àfikún owó oṣù. Kí ó mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ó kọ ohun tí ó ń wọlé sí apá kan, àti ohun tí ó ń jáde sí apá kejì, pẹ̀lú gbèsè tí ó wà nílẹ̀; kí ó sì sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀.